Nǹkan Oṣù Tí Kò Dọ́gba, Iná Abẹ́ Ara, àti Oògùn Tí Ó Wà Lẹ́sẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọge, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í lè sọ jáde àfi ní kọ̀rọ̀, létí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe mú un wá sí gbangba.

Obìnrin Mùsùlùmí mọ ọjọ́ í kà. Ó mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí ó dá, nítorí ìrun tí yóò kí àti ààwẹ̀ tí yóò san padà lẹ́yìn Rámádàánì. Bí kíkà náà bá dàrú, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Bí ó bá máa ń ju ọjọ́ 35 lọ kí nǹkan oṣù tó padà wá, tàbí tí kò wá tó ìgbà 8 láàárín ọdún kan, tàbí tí ó lọ fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún nínú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ tún wo àwọn àmì mìíràn. Irun lè máa hù ní àgbọ̀n, ní òkè ètè, ní àyà tàbí ní abẹ́ ìdodo. Irorẹ́ lè kọ̀ láti lọ lẹ́yìn ìgbà tí ó yẹ kí ó ti lọ. Irun àárín orí lè máa re. Ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá lè dúdú kí ó sì nípọn, bí ẹni pé ìdọ̀tí ni, síbẹ̀ kí kànìnkànìn àti ọṣẹ má ràn án. Oyún tí a ń wá lè pẹ́ kí ó tó dé. Bí méjì tàbí mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí bá pàdé lára obìnrin kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní polycystic ovary syndrome, tí wọ́n gé kúrú sí PCOS.

KÌ Í ṢE ÀFỌWỌ́FÀ, KÌ Í SÌ Í ṢE IṢẸ́ ARÁYÉ

Ìgbà tí irú nǹkan báyìí bá dé, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ ni ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ, tàbí orogún, tàbí àwọn ará ilé bàbá. Wọn a ní ayé ti dí i nínú. Ẹlòmíràn a sì fi ẹ̀sùn kan obìnrin náà fúnra rẹ̀, pé ó ti ba inú ara rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó wà ní ọmọge. Ẹ gbọ́ o, irọ́ ni méjèèjì. Àìsàn tí ó máa ń rìn nínú ìdílé ni, láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí kò sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó 10 sí 13 tí ó ní in. Wọ́n tún sọ pé nínú 100 tí ó ní in, ó lè tó 70 tí kò mọ̀ pé òun ní in. Ẹ ka iye obìnrin tí ó jókòó níbi ìsọmọlórúkọ kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé àìsàn yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Kì í ṣe àìsàn òde òní pẹ̀lú. Ní ọdún 1721, onímọ̀ ìṣègùn kan ní Ítálì, Antonio Vallisneri, kọ̀wé nípa obìnrin àgbẹ̀ kan tí ó ti lọ́kọ, tí ó sanra díẹ̀, tí kò rí ọmọ bí, tí ilé ẹyin rẹ̀ sì tóbi, tí ó ń dán tí ó funfun bí ẹyin ẹyẹlé. Ní ọdún 1935, dókítà méjì ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ ìwé nípa obìnrin méje tí nǹkan oṣù wọn kò wá déédéé tí ilé ẹyin wọn sì tóbi. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gé díẹ̀ kúrò lára ilé ẹyin náà, nǹkan oṣù gbogbo wọn sì padà, méjì nínú wọn sì lóyún. Láti ìgbà náà ni ayé ìṣègùn ti ń tọ ipa rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Rotterdam ní Holland, wọ́n sì fẹnu kò pé nǹkan mẹ́ta ni kí a máa wò: ẹyin tí kì í jáde déédéé, èròjà ọkùnrin tí ó pọ̀ jù nínú ara obìnrin, àti ilé ẹyin tí ó kún fún àpò kéékèèké. Ẹni tí ó bá ní méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí dókítà sì ti wò ó pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló fa á, òun ni a lè sọ pé ó ní PCOS.

Orúkọ náà máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Àwọn àpò kéékèèké tí a ń wí yìí kì í ṣe kókó burúkú, wọn kì í sì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ gé sọnù. Ẹyin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà tí kò rí agbára gbó ni wọ́n.

ÌNSÚLÍNÌ TÍ KÒ RÍ ILẸ̀KÙN ṢÍ

Bí a bá jẹun tán, oúnjẹ a di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara a wá tú èròjà kan tí à ń pè ní ìnsúlínì jáde, tí ó dà bí kọ́kọ́rọ́, láti ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó wọ inú iṣan lọ ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní PCOS, ilẹ̀kùn yìí le. Kọ́kọ́rọ́ wọ ihò, kò yí. Ara a ní kí òun tú ìnsúlínì sí i, a tún tú sí i, títí ìnsúlínì a fi pọ̀ yamùrá nínú ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìnsúlínì tí ó pọ̀ náà a lọ máa ti ilé ẹyin pé kí ó máa ṣe èròjà ọkùnrin jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dín ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti fi di èròjà náà mú kù. Èròjà ọkùnrin tí ó bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń hu irùngbọ̀n fún obìnrin, òun ni ó ń fa irorẹ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin gbó.

INÁ ABẸ́ EÉRÚ

Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a gbóná, a wú, a sì máa ro wá. Àwọn ọmọ ogun ara ni wọ́n sáré wá síbẹ̀ láti bá ọ̀tá jà. Bí ìjà bá parí, wọn a padà sílé, ẹsẹ̀ a sì rọlẹ̀. Iná rere nìyẹn.

Ṣùgbọ́n irú iná kan wà tí kì í kú. Kò pọ́n ojú, kò wú, kò ro ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jó lábẹ́ ara bí ẹyín iná lábẹ́ eérú. Ọ̀rá tí ó ká inú ikùn mọ́ ìfun ni ó máa ń kó o jọ jù. Àwọn ọmọ ogun ara a wọ inú ọ̀rá náà lọ jókòó, wọn a máa tú èròjà ìjà jáde lójoojúmọ́, nígbà tí kò sí ọ̀tá kankan. Èròjà ìjà wọ̀nyí ni wọ́n ń mú ilẹ̀kùn ìnsúlínì le sí i. Ìnsúlínì a pọ̀ sí i, èròjà ọkùnrin a pọ̀ sí i, ọ̀rá a tún máa kóra jọ síkùn, iná a sì máa ran. Ó wá di àyípo tí kò ní òpin.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé iná náà wà? Ní ọdún 1930, William Tillett àti Thomas Francis, ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà mú, èyí tí à ń pè lónìí ní CRP. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é nígbà tí iná bá ń jó nínú ara. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé CRP inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ó ní PCOS fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò ní in. Kì í sì í ṣe ti àwọn tí ó sanra nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí a bá fi irú iná yìí sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè bá àìsàn náà gbé àtọ̀gbẹ wá, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Ìbànújẹ́ ọkàn a sì máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà.

OHUN TÍ IṢAN Ń ṢE NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń RÌN

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìsí ọ̀nà. Ìgbà tí iṣan ara bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ tí ó wúlò fún wa.

Èkíní, iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ó lè ṣí i fún ṣúgà láìdúró de ìnsúlínì. Lẹ́yìn tí a bá sì ti sinmi, ilẹ̀kùn iwájú náà a tún rọ̀ fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a rìn lọ́jọ́ Ajé kí a tún wá dúró títí di ọjọ́ Àìkú. Kí a máa fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má ju méjì lọ.

Èkejì, iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń ránṣẹ́. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ní ìlú Copenhagen ní Denmark, tí Bente Klarlund Pedersen wà lára wọn, fi hàn pé iṣan ẹsẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń tú èròjà kan tí ó ń jẹ́ IL-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí IL-6 yìí kan náà ni ọ̀rá ikùn ń tú jáde nígbà tí iná bá ń jó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti inú iṣan jáde nígbà eré ìdárayá a lọ pe àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n ń pa iná. Ìránṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán an yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rá inú ikùn a máa dín kù, nígbà mìíràn kódà bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ yí padà. Obìnrin kan lè gun òṣùwọ̀n kí ó rí i pé òun kò fọn, kí inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Kí ó wo okùn ìró rẹ̀. Bí ìró bá ti ń tú tí kò tú tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

A kò ní tàn yín jẹ. Ohun tí ìwádìí fi hàn gbangba ni pé eré ìdárayá ń mú ọkàn lágbára, ó sì ń mú kí ìnsúlínì ṣiṣẹ́ dáadáa nínú obìnrin tí ó ní PCOS, pàápàá eré tí ó le díẹ̀. Ní ti CRP, ó sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn ìwádìí kan, kò sọ̀kalẹ̀ nínú òmíràn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé obìnrin díẹ̀ ni wọ́n lò, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Eré ìdárayá kì í sì í lé PCOS lọ pátápátá. Ó ń bá a jà ni, ó ń mú un so rọ̀, ó sì ń dènà àwọn àìsàn tí ń tẹ̀lé e bọ̀.

ÌWỌ̀N TÍ Ó YẸ

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe jọ lábẹ́ yunifásítì Monash ní Ọsirélíà, ní ọdún 2018, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2023, sọ báyìí: kí obìnrin máa ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Kí ó sì tún ṣe eré tí ń mú iṣan le fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ méjèèjì má tẹ̀lé ara wọn. Ọmọbìnrin tí kò tíì tó ọdún 18, kí ó máa ṣe tó wákàtí kan lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọn, kí ó gbé tirẹ̀ dé ìṣẹ́jú 250 lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Ìṣẹ́jú 150 lè dún bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 péré ni lójúmọ́. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó mọ níwọ̀n? Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó mọ níwọ̀n. Bí ẹ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ kí ẹ tó mí, ó le nìyẹn.

Kò sí eré kan tí ó jẹ́ òun nìkan ni oògùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí obìnrin fẹ́ràn, tí ó sì lè máa ṣe láìdáwọ́ dúró, òun ni ó dára jù fún un.

NÍNÚ ILÉ TIWA

Àwọn ìyá wa àgbà ń pọn omi lódò, wọ́n ń rìn lọ sóko, wọ́n ń gún iyán. Lónìí, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, ọ̀kadà ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ sì ń lọ ata. A kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí odò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó rẹ òun lóòótọ́, àmọ́ iṣan òun kò ṣiṣẹ́.

Ẹ lè sọ pé, “Iṣẹ́ ilé ń kọ́?” Ìdáhùn wa ni pé ẹ wo èémí yín. Bí ẹ bá ń gún iyán, tàbí ẹ ń ru omi gun àtẹ̀gùn, tí èémí yín sì yára, ẹ kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí, ẹ má kà á.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sọ ọ́ di 15. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi dé 30. Bí ọkọ̀ bá ń gbé yín lọ sọ́jà, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa dìde ní wákàtí wákàtí, kí ó rìn yíká.

Ní ti iṣan, kò sí owó tí ẹ ó ná. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ tilẹ̀, kí ẹ tún jókòó, kí ẹ ṣe é nígbà 10. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹ máa súnmọ́ ọn, kí ẹ máa padà sẹ́yìn, nígbà 10. Ẹ gbé garawa omi kéékèèké lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe.

Bí ojú bá ń ti yín láti máa rìn nìkan, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí òòrùn kò tíì mú. Hìjáábù kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá aṣọ tí ó fẹ̀ tí kò sì wúwo, àti bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú. Ẹni tí kò lè jáde, okùn fífò nínú ọgbà ilé tó, bẹ́ẹ̀ ni ijó jíjó nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ tó.

Ní Rámádàánì, ẹ má ṣe dá a dúró pátápátá. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe èyí tí ó le díẹ̀ ní bíi wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹ ti ṣínu tí ẹ sì ti mu omi. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn metformin, kí ó lọ bi í kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nípa ìgbà tí yóò máa lò ó.

Ẹ̀YIN ỌKỌ, Ẹ̀YIN ÌYÁ ỌKỌ

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti tú nítorí ohun tí oníṣègùn ìbá ti fi ẹnu ṣàlàyé. PCOS kì í ṣe àgàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní in ni ó ti bímọ, àwọn mìíràn láìlo oògùn rárá. Fún ẹni tí ẹyin rẹ̀ kò jáde, oògùn letrozole ni ìlànà 2023 ní kí a kọ́kọ́ lò, lábẹ́ ojú dókítà. Kí ọkọ náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ obìnrin nìkan ni àìrọ́mọbí ti ń wá.

Ẹ má ṣe fi ara ìyàwó yín tàbí irun àgbọ̀n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ tí ó bá fẹ́ ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó bọ́ bàtà sẹ́sẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ rìn. Ìyá ọkọ tí ó bá fẹ́ rí ọmọ-ọmọ, kí ó gba ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn aya ọmọ rẹ̀ tí ó ti bí tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó bá a mójú tó ìkòkò ọbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí òun náà lè jáde.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Bí nǹkan oṣù bá ti lọ ju oṣù mẹ́ta lọ láìsí oyún, ẹ má ṣe dúpẹ́ pé ìsinmi dé. Awọ inú ilé ọmọ ń nípọn lọ́hùn-ún, tí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ. Oògùn wà tí dókítà máa ń fúnni láti mú un wálẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya jù, tàbí tí kò dá, ẹ lọ kíákíá. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má ṣe gba àgbo ìfọnú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bi yín ní ìbéèrè kan.

Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an, tàbí tí ó lóyún, kí ó bi dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré tí ó le. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí tí òyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí ó ń ṣe é, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ mú kàlẹ́ńdà kan, kí ẹ máa sàmì sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa sàmì sí ọjọ́ tí ẹ rìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ ó fi hàn án. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà ara, kí ó sì fún ẹni tí ń wá ọmọ ní ọmọ rere. Àmín.